Orin tí Sàlẹ́ńsà Gbé Mì

Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Ọlábísí kò wọ mọ́tò ọkọ rẹ̀ rí kó má kọrin níbẹ̀. Bí Oyèwọlé bá ti sítáàtì Pijó àtijọ́ náà, tó gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì bí ewúrẹ́ tí òjò pa, tí wọ́n sì ti Ìlódè bọ́ sí títì, obìnrin náà á gbé orí lé gíláàsì fèrèsé, á di ojú, orin á sì máa rú jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí èéfín orí ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà mìíràn, orin ìjọ ni. Nígbà mìíràn, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ni, tó kàn ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Oyèwọlé á máa wa mọ́tò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin.

Òun fúnra rẹ̀ kò lè kọrin, ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa. Ohùn tí Ẹlẹ́dàá fún un dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ bẹ́ǹṣì lórí sìmẹ́ǹtì. Lọ́dún kan tó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀gá akọrin gbọ́ ìlà kan péré, ó dì í lọ́wọ́ mú tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Bọ̀dá wa, iṣẹ́ Olúwa pọ̀ nínú ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa bá wọn gba ọrẹ." Láti ọjọ́ náà, gbogbo orin tí Oyèwọlé ní láyé, inú mọ́tò yẹn ló wà, lẹ́nu Ọlábísí.

Àfi ìgbà tó ku oṣù kan kí ìjọ wọn ṣe ìkórè tí sàlẹ́ńsà já. Ẹ̀yin náà mọ sàlẹ́ńsà, páìpù gígùn abẹ́ mọ́tò tó ń gba èéfín ẹ́ńjìnnì jáde, tó sì ń pa ariwo rẹ̀ lẹ́nu mọ́ kó tó dé ìta. Ó já ní Ilare, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń tan iná pàràpàrà. Oyèwọlé rọra wà á lọ bá Hakeem wẹ́dà. Hakeem lo wákàtí kan lábẹ́ mọ́tò, ó wá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí ìbejì.

"Ọ̀gá, mo ti kó gbogbo ìfun inú rẹ̀ dànù," ló wí. "Ìdọ̀tí ló kún ibẹ̀. Báyìí, á máa mí dáadáa."

Ó mí lóòótọ́. Ó mí débi pé adìẹ tó bá gbọ́ ọ ní Ìlódè, Òkèrèwè ló ń lọ sùn. Lèmọ́mù ránṣẹ́ pé kí Bàbá Ìmísí jọ̀wọ́ jẹ́ kí àwọn kírun tán kó tó máa sítáàtì. Bàbá Ìmísí ni wọ́n ń pe Oyèwọlé ládùúgbò, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní Àkúrẹ́. Pásítọ̀ náà rán iṣẹ́ kan náà sí i, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀.

Gbogbo ìyẹn kò dun Oyèwọlé. Ohun tó dùn ún ni pé lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n jọ jáde, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí ètè ìyàwó rẹ̀ tó ń mì bíi ti ẹja inú ìgò, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ètè náà kò mì púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ọlábísí pa á dé. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ márúwá ló ń wọ̀ lọ síbi ìdánrawò akọrin. Ní alẹ́ Fúráìdè tó ṣíwájú ìkórè, ó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Bàbá Ìmísí, Alàgbà Adéagbo ló máa wá gbé mi ní Sọ́ńdè."

"Adéagbo wo?"

"Adéagbo mélòó la ní nínú akọrin?"

"Èyí tó ń kọ báàsì bí ìgbà tí màlúù bá jẹun yó?"

"Òun náà ni. Bátìrì ni mọ́tò rẹ̀ ń lò, kì í dún rárá. Èmi ni mo máa dá orin níwájú gbogbo ìjọ, mi ò fẹ́ kí etí mi ti di kí n tó débẹ̀."

Oyèwọlé gbé òkèlè sílẹ̀. Ó rí Pijó rẹ̀ níta láti ojú fèrèsé. Ó rí àga iwájú, lápá ọ̀tún, tó ti ṣófo fún odindi oṣù kan.

"Ọlábísí, bí mọ́tò tèmi bá dákẹ́ kí Sọ́ńdè tó mọ́ ńkọ́?"

Obìnrin náà bu omi sí ife fún un. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé inú mọ́tò onímọ́tò wù mí?"

Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Oyèwọlé mọ ohun tó kù fún un láti ṣe, kò sì ní gbé e padà lọ fún Hakeem.

Ẹ má rò pé ọ̀gbẹ̀rì kan ló fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Oyèwọlé fi ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa fẹ́ gíláàsì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á ya àwòrán wá, páìpù gíláàsì tó lọ́ bí ìfun, tó pín sí méjì, tó tún padà wọ inú ara rẹ̀. Òun á yọ́ gíláàsì nínú iná, á fi ẹnu fẹ́ ẹ, á sì fún wọn ní ohun tí wọ́n yà gan-an. Kò sí ohun tí páìpù lè ṣe tó lè yà á lẹ́nu.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gbé mọ́tò sókè sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó dúró dáadáa, ó fi ayùn irin gé ibi tí Hakeem jó pọ̀. Ó mú páìpù kékeré kan, ó lu ihò wínníwínní sí i lára yíká bí ara fèrè. Ó wá we òwú gíláàsì mọ́ ọn, òwú tí iná kì í jó, èyí tó kù sílé láti ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti gbogbo rẹ̀ bọ inú páìpù ńlá. Ohun tó ní lọ́kàn rọrùn: bí èéfín bá ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìbínú, á gba ojú ihò wọnú òwú, á ṣìnà níbẹ̀, inú á rọ̀ ọ́, á wá jáde bí ọmọlúàbí. Ó fi gọ́ọ̀mù irin lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ mọ́tò. Ó ku nǹkan kan ṣoṣo. Gọ́ọ̀mù náà fẹ́ kí ènìyàn di páìpù mú fún wákàtí kan gbáko, kí ọwọ́ má yẹ̀.

Oyèwọlé tẹ́ ẹní, ó sùn gbalaja, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà, ó di páìpù mú.

Abẹ́ mọ́tò tutù. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó rọra ń rákò lórí iyanrìn. Láti ibẹ̀, kò sí ènìyàn mọ́ ní gbogbo Ìlódè, ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Ẹsẹ̀ onísálúbàtà kọjá, ẹsẹ̀ oníbàtà kọjá, ẹsẹ̀ tí erùpẹ̀ oko bò dé ọrùn náà kọjá. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kọjá ló sì kí i, nítorí ta ló jẹ́ kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i?

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ ṣeun o!" ni abẹ́ mọ́tò ń dáhùn.

Ìyanuolúwa tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ọmọ Oyèlárán aládùúgbò wọn, ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ lásán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú òun àti Bàbá Ìmísí wá ṣe mẹ́rin lábẹ́ mọ́tò.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Padà sẹ́yìn bí o ṣe wá."

Lẹ́yìn náà, ìrìn ẹsẹ̀ dínkù. Òórùn gọ́ọ̀mù ń wọ̀ ọ́ lórí díẹ̀díẹ̀. Oyèwọlé di ojú, ó ní kí òun fi sinmi ni.

Ló bá bá ara rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, níwájú iná búlúù, ó fi ètè kan ọ̀pá ìfẹ́gíláàsì. Ohun tó ń fẹ́ ni mọ́tò. Ó fẹ́ táyà mẹ́rin, ó fẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ ilẹ̀kùn tó mọ́ gaara, ó sì rí Ọlábísí tó jókòó sínú rẹ̀ nínú aṣọ akọrin. Ọlábísí la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì ń jáde lẹ́yìn mọ́tò ní roboto roboto, bí ìfófòó ọṣẹ. Ó ń léfòó gba orí páànù ilé Ìlódè kọjá, ó ń lọ sí Òkèrèwè, ọ̀kan bà lé orí okùn aṣọ, kò fọ́. Ní ọ̀nà jíjìn réré, ẹnì kan sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìmísí." Oyèwọlé dá a lóhùn lójú àlá tayọ̀tayọ̀. Ẹnu rẹ̀ tó wà lábẹ́ mọ́tò kò mì.

Alájà Fàrídà tó ń ta gáàsì ìdáná lódìkejì ọ̀nà ló kí i. Ó dúró de èsì, kò rí.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o!"

Abẹ́ mọ́tò kò fọhùn. Ẹsẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀, kò mira.

Alájà rò ó wò. Ó ti tó ogún ọdún tí òun àti Bàbá Ìmísí ti jọ ń ṣe àdúgbò. Ẹni tí kò bá dáhùn ẹ kú iṣẹ́, ó ń bínú ni tàbí kó ti kú, àwọn méjèèjì kò sì jà.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Mọ́tò ti tẹ Bàbá Ìmísí pa!"

Kò sẹ́ni tó wo búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó dúró digbí. Àwọn ọkùnrin tú jáde láti ojúlé sójúlé. Mẹ́rin gbé mọ́tò, méjì di ẹsẹ̀ mú, Hakeem wẹ́dà sì wà nínú wọn, ó ń sunkún bó ṣe ń fà. Wọ́n fa Oyèwọlé jáde bí ẹni wu iṣu, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kù sábẹ́ mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì nà sókè síbẹ̀. Ìgbà tí àwọn obìnrin rí ọwọ́ náà, wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀bẹ̀ ló fi kú, igbe wá lé igbe.

Ọlábísí jáde láti ilé ìdáná. Ènìyàn yà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó dẹ etí sílẹ̀.

"Ẹ dákẹ́ ná," ló wí.

Gbogbo wọn dákẹ́.

"Òkú yín ń hanrun."

Oòrùn ló jí Oyèwọlé. Ojú Hakeem ló kọ́kọ́ rí, omijé ń kán lára rẹ̀ sí i nímú. "Ọ̀run nìyí ni?" ló bi í. "Bó bá jẹ́ òun ni, Hakeem, báwo ni ìwọ ṣe dé ibí?"

Ló bá rántí gọ́ọ̀mù. Ó yí bìrí, ó rá padà sábẹ́ mọ́tò, gbogbo ènìyàn tún figbe ta. Ó fọwọ́ kan páìpù náà, ó mì í. Kò yẹ̀. Oorun ti di páìpù mú ju bí ẹni tó lajú ṣe lè dì í mú lọ.

Wọ́n gbé mọ́tò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Nǹkan kan kò dún. Ìlódè wo Ìlódè lójú.

"Ẹ kú ìdààmú, ọ̀gá," Hakeem ló wí, ó ṣí fìlà. "Ó ti kọ̀ pátápátá."

Alájà Fàrídà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú àmúmọ́ra, ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ló bá já ọwọ́ gbà. "Subuhànálàhì! Ó ń gbọ̀n! Ó ń ṣiṣẹ́!"

Ní ọ̀sán náà, Oyèwọlé nu àga iwájú ní ìgbà mẹ́ta. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìyàwó rẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì jáde.

Ẹ̀yin ará, wọ́n ń lọ bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn nínú omi. Wọ́n gbọ́ táyà tó ń tẹ iyanrìn. Wọ́n gbọ́ ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìn ògiri, wọ́n gbọ́ ìyá kan tó ń fi èdè Ifẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí, wọ́n gbọ́ ìró aṣọ Ọlábísí bó ṣe ń tún un ró. Ọlábísí gbé orí lé gíláàsì. Oyèwọlé di sítíà mú.

Ọlábísí la ẹnu. Ohùn kan jáde, ó ga jù, ó sì sán. Ó pa ẹnu dé. Ó tún gbìyànjú, èyí já sísàlẹ̀ bí ìgbà tí garawa bá já sí kànga. Ó dákẹ́. Wọ́n kọjá Òkèrèwè.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ṣé ariwo ṣì wà ni?"

"Kò sí ariwo." Ìgbà tí wọ́n dé Ilare, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ẹ dúró ná. Bàbá Ìmísí, kò sẹ́ni tó ń gbè mí mọ́."

"Ta ló ń gbè ọ́ tẹ́lẹ̀? Àwa méjì péré la máa ń wà níbí."

"Mọ́tò ni."

Oyèwọlé rọra dín eré kù.

"Á máa kùn nísàlẹ̀, hùn-ún-ùn, ohùn kan náà, kò ní yẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé tèmi lé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù ló ń fún mi ní ohùn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Níbí, mọ́tò yín ni. Mo rò pé ẹ mọ̀. Mo rò pé nítorí rẹ̀ lẹ ò ṣe tà á." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sórí itan. "Ariwo Hakeem bò mí mọ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tiyín wá fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan. Ẹ má bínú. Ẹ ṣe é dáadáa."

Oyèwọlé fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi rò pé ìyàwó òun ló ń kọrin fún òun. Àṣé àwọn méjì ló ń kọ ọ́, òun kàn ń gbé wọn kiri ni.

"Ìgbà wo ni Adéagbo máa dé lọ́la?" ló béèrè.

"Aago mẹ́jọ."

"Ó dára."

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, Bàbá Ìmísí wọ aṣọ ìkórè funfun báláú, ó dé fìlà, ó gba abẹ́ mọ́tò lọ. Ìyàwó rẹ̀ bojú wo ìta, ó rí àgbádá tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Bàbá Ìmísí! Aṣọ funfun!"

"Jókòó sídìí sítíà, kí o tẹná díẹ̀. Tí o bá gbọ́ ohun tí o fẹ́, kí o sọ."

Ẹni tó ti fẹ́ gíláàsì rí mọ̀ pé bí páìpù bá ṣe kúrú tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó, bó bá gùn, ohùn á wálẹ̀. Oyèwọlé fa ìdajì òwú inú sàlẹ́ńsà jáde kó lè fọhùn díẹ̀. Ó wá ki páìpù mìíràn bọ ìdí rẹ̀, èyí tó ṣeé fà síta, tó ṣeé tì padà. Ọlábísí jókòó, ó tẹná.

"Ẹ fà á jáde. Ẹ tún fà á. Rárá, ìyẹn ti jìn jù, Alàgbà Adéagbo lẹ fẹ́ fi ìyẹn gbè."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èyí ńkọ́?"

"Ó ga. Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́..."

Ó ṣẹlẹ̀. Oyèwọlé kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ kó tó gbọ́ ọ létí. Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn kan ṣoṣo, gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, bí oyin nínú afárá tó jìnnà. Kò tíì fún kílíìpù tó di páìpù mú pa tí orin fi dé láti òkè, láti inú àga, wẹ́rẹ́, láìsí pé ó wá ibi tí yóò dúró sí. Oyèwọlé dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nínú àgbádá funfun rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ó ṣe é bíi pé ilẹ̀ ti fi òun sílẹ̀, tó jẹ́ pé mọ́tò, ilé àti gbogbo Ìlódè ló ń léfòó.

Bàtà funfun méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí wọ́n dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìmísí."

"Háà, Alàgbà! Ẹ ṣeun o! Ìgbà wo lẹ dé?"

"Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"A ò gbọ́ yín."

"Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi," Alàgbà Adéagbo dáhùn, ohùn rẹ̀ tó nípọn náà sì tutù bí omi àmù. "Ilé ara mi gan-an, mo máa dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ kan ò ní sọ pé dádì ń bọ̀. Ẹran ọ̀sìn ò yà fún mi mọ́." Ó lóṣòó, ó yọjú sábẹ́ mọ́tò. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi irú eléyìí sí tèmi?"

"Ẹ jẹ́ ká ti ìkórè dé ná," Oyèwọlé wí. Alàgbà bá ti ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan, láìdún.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni tọkọtaya náà jáde, epo dúdú ti kọ àmì sí ẹ̀yìn àgbádá Oyèwọlé. Ọlábísí ti bẹ̀rẹ̀ orin kí wọ́n tó bọ́ sí títì. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà rí àléébù kan tó kù. Bó bá rọra sáré, ohùn mọ́tò á wálẹ̀, ti Ọlábísí á sì tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, á wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Bó bá sáré jù, àwọn méjèèjì á ga dé ibi tí kò bójú mu. Ogójì ló bá a mu. Kí abẹ́rẹ́ dúró lórí ogójì, kó má lọ, kó má bọ̀.

Ó dúró lórí ogójì. Igi ẹ̀bá ọ̀nà ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn Ọlábísí fẹ̀, ó jókòó sórí ohùn mọ́tò bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ó ń wo ayé láti ibẹ̀. Oyèwọlé kò mọ̀ bóyá òun ń wa mọ́tò tàbí òun ń sùn.

Ṣọ́ọ̀ṣì yọ ní iwájú. Wọ́n ti so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn akọrin ti tò nínú aṣọ wọn, ọ̀gá akọrin ń wo aago, ẹni tó ń darí mọ́tò ti na ọwọ́ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Oyèwọlé gbé ẹsẹ̀ lọ sórí bíréèkì. Mọ́tò kùn wálẹ̀, orin náà sì mì.

Ọlábísí kò lajú, kò dákẹ́. Ó kàn gbé ìka méjì sókè: ó ku ẹsẹ orin méjì.

Oyèwọlé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lórí ogójì gérégé. Ẹni tó ń darí mọ́tò ṣì na ọwọ́ sí àyè yẹn, ó yí orí tẹ̀ lé wọn títí dé ibi tí ọrùn rẹ̀ gbà á dé. Ọ̀gá akọrin sáré bọ́ sójú títì, ó ń fi ìwé orin juwọ́ sí wọn. Bí Ọlábísí ṣe parí ẹsẹ kan, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ kó tó gbé èyí tó kù:

"Níbi tí ọ̀nà ti pín níwájú yẹn, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Òun ló jìn."